Ọjọ́ àkọ́kọ́ tèmi àti ọkọ mi nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi: kí ni kí á fi ṣáájú?

Ìyàwó Ọ̀ṣìngín:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọkọ mi yóò wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù tí ń bọ̀, ọjọ́ méje gbáko ni a ó sì lò lójú òkun. Láti ìgbà tí a ti sanwó ni a ti ń jiyàn lórí ọjọ́ tí a ó wọlé yìí. Ọkọ mi ní kí á lọ sí èbúté ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí èrò bá ti dín kù, kí á wọ yàrá wa, kí á sì sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí pé ìsinmi ni òun ń wá. Èmi ní tèmi fẹ́ kí á wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ wọlé, kí n lè rìn yí gbogbo ọkọ̀ náà po kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa ni a fẹ́ fi ìrìn àjò yìí ṣe àjọyọ̀ rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí á fi àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, báwo ni ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe máa ń rí gan-an, kí ni ó sì yẹ kí á mú dání?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, àbúrò mi. Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé ènìyàn kì í dé èbúté ní ìgbà tí ó bá ṣáà wù ú. Nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó yan wákàtí tí ẹ ó dé nínú èyí tí ó bá kù, wọ́n sì máa ń ti ẹnu ọ̀nà ní bí wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọkọ̀ tó gbéra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá tètè dé kì í rí yàrá wọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń tún un ṣe lẹ́yìn àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Aago kan ọ̀sán, tàbí kí ó kọjá díẹ̀, ni yàrá sábà máa ń ṣí.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni báàgì kékeré. Àwọn alágbàárù ni yóò gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín ní èbúté, pẹ̀lú páálí tí orúkọ àti nọ́ńbà yàrá yín wà lára rẹ̀, ó sì lè di alẹ́ kí ẹ tó tún fojú kàn án, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpótí ni wọn ní láti yẹ̀ wò kí wọ́n tó pín wọn. Nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ lọ, inú àpótí ńlá ni mo kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá kí àpótí náà tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Mo jókòó tì í lórí ibùsùn, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi, gbogbo ẹsẹ̀ tí ó bá ń kọjá níta ni mo ń tẹ́tí sí. Mo dúpẹ́ pé kò sí ohun tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Nítorí náà, oògùn, ìwé ìrìnnà, káàdì báńkì, wáyà fóònù, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àti aṣọ kan tí ẹ ó wọ̀ jẹun alẹ́, ọwọ́ yín ni kí gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ má sì gbé áyọ́ọ̀nù tàbí ohun èlò tí ń fi iná se omi dání. Iná tí ó lè ṣẹ́ yọ ni wọ́n ń bẹ̀rù, wọn yóò sì gbà á lọ́wọ́ yín.

Atukọ̀ Àná:

Mo fi ọdún mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ nínú irú ọkọ̀ wọ̀nyí, ìdánrawò ààbò, ìyẹn kíkọ́ ohun tí èrò yóò ṣe bí ewu bá dé, sì ni èmi fẹ́ kí ẹ fi ṣáájú ohun gbogbo. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2012, ọkọ̀ Costa Concordia kọlu àpáta nítòsí erékùṣù Giglio ní Ítálì, ènìyàn 32 sì kú. Nínú àwọn èrò rẹ̀ ni àwọn kan wà tí wọ́n wọlé lọ́jọ́ náà gan-an, tí wọn kò tíì ṣe ìdánrawò kankan, nítorí pé òfin ìgbà náà fún ọkọ̀ ní wákàtí 24 láti ṣe é. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2015 ni òfin àgbáyé ti pàṣẹ pé kí ó wáyé kí ọkọ̀ tó gbéra, tàbí ní kété tí ó bá gbéra.

Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lónìí, ẹ ó wo àlàyé náà lórí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n yàrá yín, lẹ́yìn náà ni ẹ ó lọ fi káàdì tí ẹ fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá yín hàn ní ibùdó ìpéjọ tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ ó kóra jọ sí bí ewu bá dé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é bí ìgbà tí ènìyàn ń san gbèsè. Ẹ jọ lọ, ẹ gba orí àtẹ̀gùn, nítorí pé a kì í lo ẹ̀rọ agbéniròkè nígbà ewu, kí ẹ sì ka iye ilẹ̀kùn tí ó wà láàárín yàrá yín àti àtẹ̀gùn náà. Fèrè kúkúrú méje àti gígùn kan ni àmì ewu. Bí ó bá dún nígbà tí ẹ kò sí níbì kan náà, ẹ má ṣe wá ara yín kiri. Ibùdó ni kí olúkúlùkù kọrí sí, ibẹ̀ ni ẹ ó ti pàdé. Mo ti rí tọkọtaya tí ó ń wá ara wọn nínú ìdánrawò lásán, tí ọ̀kan ń gòkè, tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì dùn mí.

Ní ti rírìn yí ọkọ̀ po, ẹ dín in kù. Icon of the Seas tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024 jẹ́ alájà 20, gígùn rẹ̀ sì súnmọ́ mítà 365. Lóòótọ́, tiyín lè má tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹ kọ́ ọ̀nà yàrá, ti ilé oúnjẹ àti ti ibùdó ìpéjọ lọ́jọ́ kìíní, ìyókù yóò mọ̀ yín lára.

Olówó Ìṣọ́:

Kí ọkọ̀ tó kúrò létí èbúté, ẹ fi fóònù yín sí ipò tí a ń fi í sí nínú ọkọ̀ òfuurufú. Lójú agbami, sátẹ́láìtì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọkọ̀ ń gbà, owó rẹ̀ sì máa ń wọ́n gan-an fún ẹni tí kò bá ti ra ètò tirẹ̀ sílẹ̀. Káàdì tí ẹ fi ń ṣílẹ̀kùn náà ni ẹ ó máa fi rajà, nítorí náà ẹ máa wo àkáǹtì yín lójoojúmọ́, pàápàá owó ìmoore àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń kà mọ́ ọn.

Ìyàwó Ọ̀ṣìngín:

Ẹ ṣé púpọ̀. Èmi àti ọkọ mi jókòó ka gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ ni. Ohun tí ó ń dààmú rẹ̀, tí kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ni pé òòyì máa ń kọ́ ọ nínú ọkọ̀ kékeré, kì í sì í fẹ́ kí n rí i nígbà tí ó bá ń bì. Ìdí nìyẹn tí ó fi fẹ́ sùn.

Atukọ̀ Àná:

Ẹ bá mi kí i. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwa atukọ̀ pàápàá ń bì. Yàrá tí ó wà ní àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ni kì í mì púpọ̀. Bí ẹ bá ṣì lè pààrọ̀ yàrá, ibẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ní apá bí ìyẹ́ ẹja lábẹ́ omi tí ń dín mímì kù. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa oògùn òòyì, kí ó lò ó kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ó má sì mu ọtí sí i, nítorí pé ó máa ń fa oorun. Bí ara rẹ̀ bá sì ti ń yí padà, ìta ni kí ó wà, kí ó tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé òkun, kí ó má wo fóònù.

Ìyàwó Ọ̀ṣìngín:

Aago méjìlá ọ̀sán ni a ti yàn báyìí. Ó ní òun yóò bá mi dúró lókè, ọwọ́ mi nínú ọwọ́ òun, títí wọn yóò fi tú okùn ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni a ó jọ lọ sùn.