"Ìrísí" kọ́ ni format, "àrọ́wọ́tó" kò sì tó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá pé kí a máa pe accessible format (irú fáìlì tí ẹni tó ní àìlera náà lè lò), fún ìwé ìtọ́nisọ́nà sọ́fítíwíà orísun ṣíṣí, ní "ìrísí àrọ́wọ́tó". Mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká mú "ìrísí" ná. Inú "rí" ló ti wá. Ẹni tí kò ríran, tó ń fi NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, kí ló kàn án nínú ìrísí? Bí a ṣe to ìwé náà ló ń wá. Bó bá tẹ H, ó fẹ́ kí ẹ̀rọ gbé òun dé àkòrí tó kàn. Nínú HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, á gbé e débẹ̀, bí ẹni tó kọ ọ́ bá sàmì sí àkòrí bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló kàn sọ lẹ́tà di gàdàgbà, H ò ní bá nǹkan kan: ojú rí àkòrí, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. "Ìgbékalẹ̀" ni kí a lò.

"Àrọ́wọ́tó" ńkọ́? Ohun tí ọwọ́ tó ni. PDF tí wọ́n fi skánà ṣe, ọ̀fẹ́ ni, ọwọ́ gbogbo èèyàn tó o. Ṣùgbọ́n àwòrán lásán ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́ fẹ́ẹ́. (Kí n má ba PDF jẹ́ jù: èyí tí wọ́n sàmì sí bí PDF/UA, ìlànà 2012 fún PDF tí ẹni tó ní àìlera náà lè lò, ṣe là á sílẹ̀ ṣeé gbọ́ dáadáa.)

"Aláìdínà" ni tèmi: ohun tí kò dínà mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan á ní "tó rọrùn" ti tó. Fáìlì .txt rọrùn ju gbogbo wọn lọ, síbẹ̀ kò ní àkòrí kankan tí H lè bá. Markdown, ọ̀nà ìkọ̀wé tó ń fi àmì bíi # to ọ̀rọ̀, náà rọrùn, àmọ́ ìwúlò rẹ̀ ni pé bí a bá sọ ọ́ di HTML, àmì # á di àkòrí gidi.

Ó ku alt text, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kà dípò àwòrán. "Àpèjúwe àwòrán" kò burú, ṣùgbọ́n bí àwòrán bá jẹ́ bọ́tìnì tí a fi ń wá nǹkan, "wá" ni a ó kọ síbẹ̀, kì í ṣe "awò roboto tó ní ìgbámú". Gbogbo wa la kọ́ "arọ́pò-orúkọ" nílé ìwé; kí ló dé tí a ò lè ní "arọ́pò-àwòrán"? Ẹni tó bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.