Dílà fẹ́ fi gíláàsì dúdú ṣe ẹ̀nì fún mi, ṣé kí n gbà á?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí Corolla tòkunbọ̀ kan l'Ékòó tó wù mí. A dúnàádúrà títí ẹnu ń kan mí, dílà tó ń tà á ò já kọ́bọ̀ sílẹ̀ mọ́. Ìgbà tó rí i pé mo ti gbé báàgì mi ló sọ pé, "Mọ́mì, ẹ má tíì lọ. Màá bá yín lẹ ọ̀rá dúdú mọ́ gbogbo gíláàsì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀nì yín nìyẹn." Inú mi kọ́kọ́ dùn. Nínú oòrùn Ìbàdàn yìí, pẹ̀lú ọmọ méjì lẹ́yìn ọkọ̀, ta ni ò fẹ́ ibòòji? Bàbá wọn ló ní kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó ti jẹ irú ẹ̀nì yìí rí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ yín?

Bàbá Kékeré, Abẹ́òkúta
Èmi jẹ ẹ́, mo sì jẹ ìyà rẹ̀. Camry ni. Ọjọ́ tí mo gbé e délé, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní sẹ́nétọ̀. Kò tó ọdún kan tí ọ̀rá ẹ̀yìn fi di àwọ̀ elésè àlùkò, ó wá léròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń fi ẹ̀yìn wọlé, mi ò rí nǹkan kan, àfi gbàà! Ìkòkò omi ìyá mi ni. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń béèrè ìkòkò wọn lọ́wọ́ mi.

Mo ní kí n bó ọ̀rá náà fúnra mi. Omi ọṣẹ, bíléèdì, mo ń ha á díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣáà mọ àwọn ìlà tín-ín-rín tó wà lára gíláàsì ẹ̀yìn, tó ń lé ìrì kúrò? Mo gé méjì nínú wọn kí n tó mọ̀.

Ti ọlọ́pàá tún ńkọ́? Wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní ìwé àṣẹ dà. Mo ní dílà ló lẹ̀ ẹ́. Èyí tó dàgbà nínú wọn rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé dílà ló ń wa ọkọ̀ ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Òfin 1991 lórí gíláàsì dúdú ṣì wà ńlẹ̀ o: ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Owó yẹn ti di owó búrẹ́dì, àmọ́ oṣù mẹ́fà ṣì ni oṣù mẹ́fà. Ní 2025, ọlọ́pàá tún gbé ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà dìde, wọ́n sún ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn síwájú di ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, àwọn agbẹjọ́rò sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó ní ọkọ̀ ló máa gba ìwé yẹn lórí POSSAP, ìyẹn ìkànnì ọlọ́pàá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọdọọdún sì ni. Dílà ò fi ìyẹn kún ẹ̀nì.

Àǹtí Peckham
Níbí, èmi gba ìdajì. Òfin Ìlú Ọba ní ó kéré tán ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba gíláàsì ẹ̀gbẹ́ iwájú kọjá, ìdá 75 ní ti gíláàsì iwájú gan-an. Wọn ò ka ti ẹ̀yìn sí. Mo ní kí dílà fi iwájú sílẹ̀, kó lẹ ẹ̀yìn níbi tí ọmọ ń jókòó. Mo sì pe àwọn onínṣọ́ránsì kí wọ́n má bàa bá mi jà lọ́la.

Ọ̀gá Ọlọ́ràá, Òṣogbo
Iṣẹ́ mi nìyí, mo sì ń ṣe é fún dílà, nítorí náà ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Èyí tówó rẹ̀ kéré jù ni wọ́n ń ní ká lò fún ẹ̀nì. Aró lásán ló wà nínú rẹ̀, oòrùn á sì jẹ ẹ́. Dúdú kọ́ ló ń lé ooru o! Ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní ceramic lè mọ́lẹ̀ dáadáa kó sì tutù ju èyí tó dúdú bí ìkòkò àsè lọ. Ẹ bi dílà pé nọ́ńbà mélòó ni ọ̀rá rẹ̀, ìyẹn ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà á kọjá. 5 dúdú ju 35 lọ. Tí kò bá mọ nọ́ńbà rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ yín.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an. Mo pè é láàárọ̀ yìí, mo bi í léèrè nọ́ńbà. Ó ní, "Mọ́mì, èyí tó dúdú dáadáa ni." Mo ní kó fi ọ̀rá rẹ̀ pamọ́, kó fún mi ní táyà méjì. Ó ní táyà wọ́n ju ọ̀rá lọ. Mo ní mo mọ̀. Ó ti gbà láti fún mi ní jáàkì àti sípánà, a ṣì ń fa ti táyà lọ́wọ́.