Kí ló dé tí bàbà tó lẹ̀ mọ́ cathode mi (ọ̀pá tó so mọ́ ojú nẹ́gétíìfù bátìrì) ń bọ́ dànù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ kẹ́mísìrì. Ọmọ mi ń múra WAEC, la bá ní ká dán electrolysis (fífi iná mànàmáná tú nǹkan ká) wò nílé, pẹ̀lú omi tí a po copper sulphate, iyọ̀ bàbà aláwọ̀ búlúù, sí.

Ọ̀pá dúdú (carbon ni) inú bátìrì rédíò tó ti kú la kọ́kọ́ lò. Anode, ọ̀pá tó so mọ́ ojú pọ́sítíìfù, ń hó (ọ́síjìn nìyẹn), bàbà pupa ń lẹ̀ mọ́ cathode, àwọ̀ búlúù omi náà sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀. A wá fi wáyà bàbà méjì rọ́pò wọn. Kò hó mọ́, omi ò ṣá, wáyà anode ló ń tín-ín-rín sí i. Ìyẹn náà yé mi: ó rọ bàbà lọ́rùn láti yọ́ wọnú omi ju kí omi fúnra rẹ̀ tú ká lọ. Carbon ò lè yọ́ bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀.

Ibi tó ti dojú rú rèé. Mo fi ìwọ̀n àwọn oníwúrà wọ̀n ọ́n: anode pàdánù 0.42 g, ohun tó kún cathode ò ju 0.31 g lọ! Ṣé kì í ṣe pé ó yẹ kó dọ́gba ni? Bàbà tuntun ọ̀hún rí múlọ́múlọ́ bí áásáà, ó pọ́n ṣókí, bí mo sì ṣe rọra ṣàn án lómi ló ń bọ́.

Bátìrì 9 volt ni mo lò. Ṣé iná yẹn ló pọ̀ jù? Àbí ásíìdì díẹ̀ ló yẹ kí n kán sí i? Inú mọ́tò fáànù àtijọ́ ni mo ti tú wáyà náà; mo fi sáńpépà ha á, àmọ́ bóyá fáníìṣì ṣì kù lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí, kó là mí lọ́yẹ̀.