Ìrírí wa lórí fáànù afèéfín tí a ń dè mọ́ ògiri ilé ìdáná

Ìyá Alásè, Tankẹ
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí wọ́n de fáànù afèéfín mọ́ ògiri ilé ìdáná mi, nítorí pé bí a bá ti dín wàrà, òórùn òróró kì í kúrò lára aṣọ wa títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá ti lò ó rí, kí ó jọ̀wọ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kí n tó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná.

Bàbá Ìbejì, Gáà Àkàńbí
Ìyá wa, ibi tí wọn yóò gbé e sí ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹni tí ó de tiwa gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tímọ́tímọ́, ó ní ibẹ̀ ni wáyà kò ti ní gùn jù. Fáànù náà ń yí, ariwo rẹ̀ sì ń dún dé ojúde, síbẹ̀ èéfín kò kúrò lórí ìkòkò, nítorí pé atẹ́gùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé ni ó ń fà tí ó sì ń tú padà síta. Ìgbà tí ẹlòmíràn wá gbé e lọ sí ògiri tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, lókè lẹ́bàá àjà, tí a sì ń ti fèrèsé tí ó sún mọ́ ọn bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ni a tó mọ̀ pé fáànù gidi ni a rà.

Oníṣẹ́ Iná, Ọ̀fà
Òótọ́ ni Bàbá Ìbejì sọ. Èéfín gbígbóná máa ń gòkè, òkè ni fáànù náà sì gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tútù gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé láti òdìkejì, ì báà ṣe abẹ́ ilẹ̀kùn. Èmi kì í dè é sí òkè ààrò gan-an, nítorí pé ooru àti òróró máa ń ba ara wáyà jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé kọnkéré tí ó dábùú lórí fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà láti fi wá àyè fún un; òun ni ó gbé búlọ́ọ̀kù òkè dúró. Kí ihò náà dà díẹ̀ sí ìta, kí omi òjò má baà ṣàn wọ inú ẹ̀rọ.

Ọmọ Òmù-Àrán
Ṣé ògiri alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ lójú lè gbé e? Irú rẹ̀ ni ilé àgbà wa.

Oníṣẹ́ Iná, Ọ̀fà
Ó lè gbé e, bí káfíńtà bá kan férémù igi líle tí ó la ògiri kọjá, tí a sì de fáànù mọ́ igi náà. Síkúrúù kì í dúró nínú amọ̀. Bí fáànù bá ti ń gbọ̀n, yóò tú.

Alhaja, Sabo Òkè
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó kan àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ amúnáwá wa wà lẹ́yìn ilé ìdáná, lábẹ́ fèrèsé. Nínú ààwẹ̀, a tan ẹ̀rọ náà, a tan fáànù, a sì ń se oúnjẹ sààrì. Kò pẹ́ tí orí fi ń fọ́ àwọn ọmọ, ọ̀kan bì, èkejì ní òòyì ń kọ́ òun. A kó wọn jáde sí gbangba, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí dókítà ti sọ fún wa pé èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ni wọ́n fà símú. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun fẹ́ de fáànù, mo máa ń ní kí ó kọ́kọ́ jáde síta, kí ó wo ohun tí ó wà lójú fèrèsé rẹ̀.

Ọlọ́jà, Ọ̀fà Gáréèjì
Alhaja, ẹ kú ewu. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Gáà Àkàńbí
Ẹ kú ewu o, Alhaja, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé mi. Ṣebí iṣẹ́ fáànù ni láti lé èéfín jáde? Àwọn kan ládùúgbò wa ń gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, wọ́n sì ní fáànù yóò fa èéfín rẹ̀.

Oníṣẹ́ Iná, Ọ̀fà
Ẹ má gbà á fún wọn, sà. Bí fáànù bá fa atẹ́gùn jáde, òmíràn gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀, kò sì ní ṣa èyí tí ó mọ́ nìkan. Carbon monoxide tí ó wà nínú èéfín náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jìnnà sí ilé, kí wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀.

Ọmọ Òmù-Àrán
Bí gáàsì bá wá ń rùn ńkọ́? Mo gbọ́ pé kí a tètè tan fáànù ni.

Alhaja, Sabo Òkè
Rárá o, ọmọ mi. Má fọwọ́ kan súwíìṣì kankan.

Oníṣẹ́ Iná, Ọ̀fà
Bí a bá tẹ súwíìṣì, iná kékeré lè ṣẹ́ nínú rẹ̀, ìyẹn sì tó láti ran gáàsì. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó máa ń wọ́ sí, fáànù tí ó wà lókè kò sì lè tètè kó o. Ẹ ti orí sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí gbogbo ilé sì jáde.

Ọlọ́jà, Ọ̀fà Gáréèjì
Ìtọ́jú rẹ̀ ni ó dun èmi jù. Ní búkà wa, bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku a lẹ̀ mọ́ òróró tí ó wà lára apá fáànù, ọ̀kan a wúwo ju èkejì lọ, gbogbo rẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ń bá mi ṣiṣẹ́ gun àkàbà láti nù ún nígbà tí iná lọ, kò sì pa súwíìṣì. Iná dé, fáànù sì gé e ní ìka. Ojú egbò ti jinná, ṣùgbọ́n ìka náà kò ká tán mọ́.

Bàbá Ìbejì, Gáà Àkàńbí
Ó mà ṣe o. Ẹni tí ó bá ti pa súwíìṣì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti bùṣe.

Oníṣẹ́ Iná, Ọ̀fà
Kò tíì bùṣe, sà. Mo ti bá ilé pàdé tí wọ́n fi súwíìṣì sí orí wáyà tí kì í gbé iná wá. Fáànù dúró, ṣùgbọ́n iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ilé tí ó ní ínfátà tún wà, tí iná kì í lọ níbẹ̀ rárá. Bíréékà ni kí ẹ pa, kí ẹ fi tẹ́sítà yẹ wáyà wò, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ará ilé kí ẹ tó gun àkàbà. Apá fáànù àti ìdérí rẹ̀ ni kí ẹ tú fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nu ibi tí ẹ̀rọ wà. Bí ó bá ń kùn tí kò yí, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀: ó lè jẹ́ kapásítọ̀, ohun kékeré tí ó ń ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ni ó ti kú, tàbí kí iná má lágbára tó, kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀rọ náà, yóò sì jó bí ẹ bá fi í sílẹ̀.

Ọlọ́jà, Ọ̀fà Gáréèjì
Àwọn kan ń ta òróró ẹ̀pà sí i kí ariwo rẹ̀ lè dákẹ́.

Oníṣẹ́ Iná, Ọ̀fà
Yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà òróró yẹn a di bí oje igi. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí wọ́n kán sí i díẹ̀, bí ó bá ní ihò òróró; èyí tí wọ́n ti dí bọ́ọ̀lù tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí lé lórí pa kò fẹ́ òróró kankan.

Ìyá Alásè, Tankẹ
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo ti jáde lọ wo ẹ̀yìn ilé bí Alhaja ti wí: ògiri tí mo fẹ́ lò kọjú sí fèrèsé yàrá àwọn ayálégbé, n kò sì lè máa tú èéfín sí wọn lójú. Ògiri kejì ni mo mú. Ṣùgbọ́n aláǹgbá pọ̀ níbẹ̀. Ṣé kí a fi nẹ́ẹ̀tì sí i?

Oníṣẹ́ Iná, Ọ̀fà
Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin sí i lóde, mà, kí ó ṣeé tú, nítorí pé òróró yóò dí i, nígbà tí ẹ bá sì ń fọ fáànù ni kí ẹ máa fọ òun náà.