Káàdì RTX 3060 mi ń ṣọ̀lẹ: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí kọ̀ǹpútà. Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Mo ra RTX 3060 tòkunbọ̀ oní-12GB, káàdì tó ń gbé àwòrán gémù jáde, mo fi sínú kọ̀ǹpútà mi tó ń lo CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 3600. Ṣùgbọ́n gémù ìbọn tí mo ń gbá kò kọjá 50 FPS (iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bí ojú àwòrán bá wà ní 1080p, bí ìjà bá sì ti gbóná, ó di 30.

Mo tan MSI Afterburner, áàpù tó ń fi bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Ìdá 45 nínú 100 péré ni káàdì ń ṣiṣẹ́, ooru rẹ̀ kò sì dé 60°C. Káàdì ń sinmi, èmi ni mò ń làágùn! Core kan (ẹ̀ka kan) nínú CPU ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dé ìdá 95 nínú 100.

Ara káàdì fúnra rẹ̀ ni wáyà HDMI wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ìyẹn. Mo ti fi áàpù DDU yọ dráífà àtijọ́ (sọ́fítíwià tó ń darí káàdì), mo fi tuntun sí i. Páwà kọ̀ǹpútà náà jẹ́ 550W. Bóyá NEPA ló mú iná wá o, bóyá inverter ni, bákan náà ló ń rí.

RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) ló ń fu mí lára. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, 16GB. Ìyára 3200 ni wọ́n kọ sí i lára, Task Manager sì ń fi 2133 hàn. Ṣé kí n tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i lára, nínú BIOS (ibi ìtò ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà) ná, àbí kí n ra ẹyọ kejì kí wọ́n lè jẹ́ méjì? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ta káàdì náà, mi ò dá a lóhùn. Owó ọwọ́ mi ò lè ra ju ohun kan lọ báyìí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?