Ẹ sọ ìrírí yín: tọkọtaya nínú campervan ní àríwá Skọ́tlándì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ohun tí àwọn tó ṣáájú mi sọ, mo sì rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń padà wá: ṣé tọkọtaya lè yí North Coast 500, ọ̀nà ọkọ̀ tó yí àríwá Skọ́tlándì po, ká láàárín ọjọ́ mẹ́ta? Wọ́n lè yí i ká. Máìlì 516 ni, ìyẹn bíi kìlómítà 830, láti ilé olódi ìlú Inverness títí ẹ ó fi padà síbẹ̀. Àmọ́ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ràn jù nínú ìrìn-àjò náà, ibi tí a ti dúró ni a ti rí i.

Oṣù Kẹfà la lọ, a sì yá campervan, ọkọ̀ tí èèyàn lè sùn kó sì dáná nínú rẹ̀, ní Inverness. A kò wá ọkọ̀ ńlá. Ibùsùn tó ń di ìjókòó lójú ọ̀sán, ààrò gáàsì olójú méjì, táǹkì omi kékeré, àti òrùlé tí a lè gbé sókè kí èèyàn lè nàró, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá èyí tó ní balùwẹ̀ àti yàrá, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín. Ẹni tó yege ìdánwò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Ìlú Ọba láti 1997 síwájú, ọkọ̀ tí àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kìlógíráàmù 3,500 lọ ni ìwé rẹ̀ sábà máa ń gbà á láyè láti wà. Ẹrù, omi àti èèyàn inú rẹ̀ wà nínú ìṣirò yẹn. Àwọn ọ̀nà ibẹ̀ pàápàá kò fẹ́ràn ọkọ̀ ńlá.

Apá ìwọ̀-oòrùn la kọ́kọ́ gbà. Kí èèyàn tó dé abúlé Applecross, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Bealach na Bà, tó ga tó mítà 626. Ọ̀nà orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yí kọ́rọkọ̀rọ, ibì kan sì wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá lọ síwájú ní mítà márùn-ún, ẹ ti gòkè ní mítà kan. Pátákó ńlá kan wà nísàlẹ̀ tó ń kìlọ̀ pé kò yẹ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀, kò yẹ fún ọkọ̀ tó tóbi gan-an, kò sì yẹ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ fa káráfàànì. Ọkọ mi paná ọkọ̀ níwájú pátákó yẹn, ó kà á tán, ó tún un kà. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká gba ti Shieldaig.” Ọ̀nà etíkun nìyẹn, ó jìn ju ti orí òkè lọ dáadáa. Inú mi dùn títí di òní pé ibẹ̀ la gbà. A ń wo erékùṣù Raasay àti Rona lójú omi, àwọn òkè Skye sì wà lẹ́yìn wọn. A rí ibi tó láyè, a dúró, a se tíì, a sì ń wòye títí tíì fi tutù nínú ife.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí dáadáa, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbà. Wọ́n wá ṣe ibi ìyàsí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, pátákó funfun ló ń fi í hàn. Bí ó bá wà lọ́wọ́ òsì yín, ẹ yà sí i kí ẹni tó ń bọ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló wà, ẹ dúró ní ọ̀kánkán rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ẹni tó ń bọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń gun òkè bọ̀, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ohun tí àlejò kì í sábà mọ̀ ni pé wọ́n ṣe é fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín pẹ̀lú. Ẹ̀yin ń ṣe fàájì, àmọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń lọ wo aláìsàn, tàbí òbí tó ń lọ mú ọmọ nílé ìwé. Ẹ yà fún wọn. Wọ́n á juwọ́ sí yín, kí ẹ̀yin náà juwọ́. Ẹ má sì gbé ọkọ̀ síbẹ̀ láti ya fọ́tò, bó ti wù kí ibẹ̀ lẹ́wà tó. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Àwọn ọ̀nà náà ti wà tipẹ́, àwọn ará abúlé ló ń rìn ín; ọdún 2015 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, èrò ya lọ síbẹ̀, ọ̀nà ò sì fẹ̀ sí i.

Èmi àti ọkọ mi pín iṣẹ́. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kò ní wo máàpù, ẹni tó ń wo máàpù ni yóò máa sọ ibi tí ibi ìyàsí wà. Tí a bá gba ara wa sípò, iṣẹ́ náà yí padà. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ẹnì kejì.

Níhà àríwá Ullapool, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1788 nítorí ẹja pípa, a yà sí Knockan Crag, ògiri òkúta kan. Ọkọ mi fẹ́ràn òkúta. Èmi ò kà á sí rárá tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó yí mi lérò padà. Òkúta tó wà lókè fi nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílíọ̀nù ọdún dàgbà ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Àgbà gun orí ọmọdé! Àwọn onímọ̀ jiyàn lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nítorí gbogbo wọn ti gbà pé èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pẹ́ jù. Iṣẹ́ Ben Peach àti John Horne, àwọn onímọ̀ nípa òkúta, ló wá là á yé gbogbo ayé: nígbà tí ilẹ̀ àti ilẹ̀ kọlu ara wọn láyé ijọ́un, ìpele òkúta tó ti pẹ́ ni a tì gun orí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èèyàn lè fi ọwọ́ kan ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ọkọ mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó dákẹ́ pẹ́. Ká ní a ń sáré ni, a ò bá ti kọjá níbẹ̀, torí láti ojú ọ̀nà, ògiri òkúta lásán ni.

Ní Achmelvich, òjò dá wa dúró. Etíkun tó ní yanrìn funfun ni, omi rẹ̀ mọ́ lóló, àmọ́ ọjọ́ kan wà tí a kò rí nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀ àfi kùrukùru. A ò tan ọkọ̀ rárá. Òjò ń rọ̀ sórí òrùlé, àwa méjèèjì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdí tó fi fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe sílẹ̀, kí a tó pàdé. Mo ti gbọ́ pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò gbọ́ ìdí rẹ̀ rí. Ó sọ bí ọ̀gá kan ṣe ń bú u lójú àwọn ọmọ iṣẹ́, àti bó ṣe máa ń jókòó sínú ọkọ̀ fúngbà pípẹ́ ní àràárọ̀ kó tó lè wọlé. Mo sunkún. Nílé, iṣẹ́ pọ̀, fóònù ń dún, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ráyè jáde. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ṣètò ọjọ́ mẹ́ta rò wò. Òjò kò ní ráyè dá yín dúró.

Nípa ibi tí ẹ ó sùn: ẹ̀tọ́ tí òfin ilẹ̀ Skọ́tlándì ti 2003 fún gbogbo èèyàn láti rìn lórí ilẹ̀ àti láti pàgọ́, kò kan ọkọ̀ oníẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe ibi tó bá wù yín lẹ lè gbé campervan sí sùn. Ọgbà tí wọ́n ti ń gba owó kí èèyàn lè gbé ọkọ̀ síbẹ̀ sùn ni àwa lò jù, a máa ń sùn tó òru méjì ní ojú kan. Níbẹ̀ la ti ń pọn omi, la ti ń gba iná fún bátìrì, la sì ti ń da ohun tó wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ nù síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ má dà á sínú igbó tàbí sínú odò, ẹ jọ̀wọ́. Àwọn èèyàn ń gbébẹ̀.

Lẹ́yìn afárá Kylesku, èyí tí wọ́n ṣí ní 1984 tó wá rọ́pò ọkọ̀ ojú omi, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, ó ń dùn mọ́ni. A wọ ihò Smoo ní Durness. Òkun ló gbẹ́ iwájú rẹ̀, odò kékeré tó ń já láti òkè ló gbẹ́ inú lọ́hùn-ún. A dé Dunnet Head, tó jẹ́ òpin ilẹ̀ Brítéènì ńlá níhà àríwá gan-an; ọ̀pọ̀ rò pé John o' Groats ni. Aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ kò sì ṣú tán. Ẹ mú aṣọ dúdú dání fún fèrèsé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní sùn.

*

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Èmi àti ìyàwó mi náà rin ọ̀nà yìí, àmọ́ oṣù Kẹjọ ni, ẹ ò sì mẹ́nu ba kantíkantí! Wọ́n ń pè é ní midge lọ́hùn-ún. Ó kéré débi pé ojú kì í tètè rí i, abo rẹ̀ ló ń jẹni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló sì ń wá pọ̀. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni àsìkò rẹ̀, pàápàá tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ tí ojú ọjọ́ sì rin. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ díẹ̀, kò lè fò mọ́. Nítorí náà, ẹ má wá ibi tó fara sin láàárín igi tàbí lẹ́bàá omi tó dákẹ́. Ibi gbangba tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbà ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Ìyàwó mi ló ṣàkíyèsí èyí, látìgbà náà a máa ń fi ewé koríko wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí a tó tẹ́ ìjókòó. Ẹ mú àwọ̀n tí a fi ń bo orí, kò wúwo.

Ohun kejì ni gáàsì. Alẹ́ ibẹ̀ máa ń tutù kódà nígbà ooru, èèyàn lè fẹ́ tan ààrò kí inú ọkọ̀ lè móoru. Ẹ má dán an wò láé. Èéfín carbon monoxide kò ní òórùn, ó lè pa tọkọtaya sójú oorun. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó ń ké tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ wà nínú ọkọ̀ tí ẹ yá, ẹ sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lójú ẹni tó yá yín lọ́kọ̀ kí ẹ tó kúrò. Ẹ̀yin tó ń gbèrò láti lọ nígbà òtútù, ẹ béèrè irú gáàsì tó wà nínú sílíńdà: butane kì í ṣiṣẹ́ mọ́ tí òtútù bá ti dé bí òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, propane kò ní irú ìṣòro yẹn.

Ẹ sì má jẹ́ kí epo rọlẹ̀ ju ìdajì lọ. Ilé epo jìnnà síra wọn níhà ìwọ̀-oòrùn.

*

Ẹ káàsán o. Ẹ jẹ́ kí n fi ti wa kún un ní ṣókí. Èmi ni mo wa ọkọ̀ jù, torí ojú ń dun ọkọ mi. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ̀rù ń bà, ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ dájú ṣáájú ni fífi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, torí ìgbà míì ẹ̀yin ni ẹ sún mọ́ ibi ìyàsí jù, ẹ̀yin lẹ ó padà. Mo kọ́ ọ ní pápá tó ṣófo kí a tó lọ, ọkọ mi dúró síta, ó ń nawọ́ sí mi. Lójú ọ̀nà, a rí ọ̀dọ́ àgùntàn tó sùn sójú títì. Wọn kì í dìde kíákíá, ẹ má fọn fèrè mọ́ wọn, ẹ dúró.

*

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣeun gan-an. Òótọ́ ni, ní oṣù Kẹfà tiwa, afẹ́fẹ́ fẹ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí kantíkantí kò fi yọ wá lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ oṣù tó dára jù láti lọ: àwọn ọmọ ilé ìwé ní Skọ́tlándì máa ń gba ìsinmi láti ìparí oṣù Kẹfà títí dé àárín oṣù Kẹjọ, ọgbà sì máa ń kún. Tí ẹ kò bá ní ọmọ tó ń lọ ilé ìwé, ẹ lọ ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì gba àyè òru méjì méjì sílẹ̀, kí ó lè ṣeé ṣe fún yín láti má tan ọkọ̀ rárá lọ́jọ́ tó bá wù yín.