Sípíríǹgì ẹ̀yìn Datsun 120Y: àwọn ewé rẹ̀ kọ̀, wọn ò para pọ̀

Ọmọ Tankẹ:
Àsàlámù àlékù, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Datsun 120Y bàbá mi ni mo ń tún ṣe nínú ọgbà wa. Apá òsì ẹ̀yìn rẹ̀ ti jókòó débi pé táyà ń ha mọ́gáàdì. Nígbà tí a tú u, ewé kejì nínú sípíríǹgì (àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò léra là ń pè ní ewé) ti kán. Alágbẹ̀dẹ ti bá mi tẹ òmíràn. Ní báyìí, bí mo bá tò wọ́n léra, ìka á wọ àlàfo àárín wọn, sẹ́ńtà bóòtù (èyí tó ń la àárín gbogbo ewé kọjá) tí mo rà ní òpópónà Táíwò n'Ílọrin ò sì yọrí tí nọ́ọ̀tì á fi mú un. Ẹnì kan ní kí n fi òòlù lù ú kó tẹ́. Bàbá fẹ́ kí n gbé àwọn lọ sí Ọ̀fà nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé wọn sínú ohun tí kò dá mi lójú.

Bàbá Sípíríǹgì:
Wàláékù sàlámù, ọmọ mi. Má fi òòlù kàn án o! Àlàfo yẹn gan-an la fẹ́. Ewé kúkúrú gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ọrun ju èyí tó gùn lọ, kí wọ́n lè máa ti ara wọn nígbà tí a bá fún wọn pọ̀. Ibẹ̀ ni agbára ẹrù wà. Bó o bá lù ú tẹ́, ọkọ̀ á tún jókòó.

Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìpẹtà ara ewé kọ̀ọ̀kan dáadáa, kó o fi gírísì dúdú pa á. To gbogbo wọn sórí èyí tó gùn jù, tó lójú lórí méjèèjì. Ki bóòtù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ bọ ihò àárín kí àwọn ihò má baà yẹ̀, kó o wá gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́nu fáìsì ńlá, kó o máa fún un díẹ̀díẹ̀. Fáìsì ni kó fà á o, kì í ṣe bóòtù. Má dúró síwájú rẹ̀: bó bá já, ó lè ṣe èèyàn léṣe. Tó bá ti pọ̀ tán, yọ bóòtù gígùn, fi sẹ́ńtà bóòtù gan-an sí i. Orí bóòtù ni kó kọjú sí áàsù (irin gbọọrọ tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì), torí inú ihò tó wà níbẹ̀ ló ń jókòó. Bí kò bá wọ ibẹ̀, áàsù á yẹ̀, ọkọ̀ á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bi alágbẹ̀dẹ yẹn: ṣé ó rì í bọ òróró lẹ́yìn iná, tó sì tún yá a níná díẹ̀? Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, irin náà ò níí pẹ́ rọ̀ tàbí kó kán.

Ọmọ Tankẹ:
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ó ní òun ṣe méjèèjì. Búṣì (èyí tó ní rọ́bà, tó wà nínú ojú sípíríǹgì) ńkọ́? Ṣé kí n de bóòtù rẹ̀ pa kí n tó sọ jáàkì kalẹ̀?

Alákọ̀ọ́ Ọ̀fà:
Rárá, bọ̀dá. Ẹ ki gbogbo bóòtù ojú iwájú àti ti ṣákù ẹ̀yìn (irin tó so ojú ẹ̀yìn sípíríǹgì mọ́ ara ọkọ̀) bọ̀ ọ́, ẹ kàn jẹ́ kó mú lásán. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, ẹ mì ín, kẹ́ ẹ tó dè é pa. Bẹ́ ẹ bá dè é nígbà tí ẹ̀yìn ṣì ń fì, rọ́bà inú rẹ̀ á lọ́, á sì ya láìpẹ́. Ẹ ra yú-bóòtù (bóòtù títẹ̀ tó de sípíríǹgì mọ́ áàsù) tuntun pẹ̀lú, torí èyí tó ti nà lẹ́ẹ̀kan ò ṣeé gbára lé.

Bàbá Sípíríǹgì:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má kó ẹrù sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá dé Àjàṣẹ́-Ìpo lójú ọ̀nà Ọ̀fà, dúró kó o tún nọ́ọ̀tì yú-bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin apá yẹn dè, wọ́n á ti rọ̀ díẹ̀.